Ọmọ Aláìsàn Ọkàn Kì í Ṣe Ẹrù Ìyá Nìkan

Ní ìlú Abidjan, ní ẹkùn Attécoubé, létí ọ̀sà Ébrié, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Boribana. Èdè Dioula ni orúkọ náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé eré sísá ti parí. Ilé fún mọ́ ilé níbẹ̀, yàrá fún mọ́ yàrá, àwọn ènìyàn tí ó kún inú wọn sì ti oríṣiríṣi ẹ̀yà wá láti wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Orúkọ àdúgbò náà tu àjèjì nínú, nítorí kò sí ẹni tí ó fi ilé baba rẹ̀ sílẹ̀ tí kò fẹ́ rí ọjọ́ tí yóò lè sọ pé òun ti dé ibi ìsinmi. Ṣùgbọ́n nínú irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rí àwọn òbí tí eré tiwọn kò tíì parí, tí kò sì ní parí lọ́la tàbí lọ́túnla. Àwọn náà ni òbí tí ọmọ wọn ní àìsàn ọkàn. Ọ̀rọ̀ wọn ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí.

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè pé kí ni ó kan ìwé ìròhìn Yorùbá pẹ̀lú Boribana, èsì wa kò jìnnà. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn wa ti ń ṣòwò ní Abidjan. Àwọn ará Ẹjigbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń gbéra ní Ẹjigbò, tí ó ń la Benin, Togo àti Ghana kọjá títí yóò fi dé ọ̀hún. Ọmọdé tí ń sọ Faransé kì í sì í ṣe ohun ìyanu ní ìgboro Ẹjigbò. Ohun tí ó bá ń ṣe ọmọ Abidjan, lọ́jọ́ kan yóò kan ìyá àgbà tí ó wà nílé. Yàtọ̀ sí èyí, irú ilé tí ó wà ní Boribana wà ní Mushin, ó wà ní Àjégúnlẹ̀, ó sì wà ní Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn. Ẹ̀kọ́ tí a bá rí kọ́ níbẹ̀, tiwa ni.

Oríṣi àìsàn ọkàn méjì ni ó wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọdé wa. Èkínní ni èyí tí a bí mọ́ ọmọ. Káàkiri ayé, nínú ọmọ 100 tí a bá bí, ó tó ọ̀kan tí ọkàn rẹ̀ kò pé bí ó ti yẹ. Ó lè jẹ́ pé ihò kan wà lára ògiri tí ó pín ọkàn sí ọ̀tún àti òsì. Ó lè jẹ́ pé iṣan kan fún jù, tàbí pé iṣan méjì gba ipò ara wọn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa làágùn bí ó bá ń mu ọmú, a máa sinmi léraléra bí ẹni tí ń gun òkè, kì í sì í tètè sanra. Ikọ́ àti àìsàn àyà kì í jìnnà sí i. Nínú àwọn mìíràn, ètè, ahọ́n àti èékánná a máa rí bí aró, pàápàá nígbà tí ọmọ bá ń sunkún. Ìyá tí ó bá rí irú èyí kò gbọ́dọ̀ retí pé ọmọ yóò dàgbà kúrò nínú rẹ̀; kí ó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ní ọjọ́ náà gan-an.

Èkejì ni èyí tí a kò bí mọ́ ọmọ rárá, tí ilé àti àyíká ni ó fi kó o. Kòkòrò kan wà tí ń fa egbò ọ̀nà ọ̀fun. Ó ń ràn láti ẹnu dé ẹnu, láti imú dé imú, ó sì ń gbilẹ̀ níbi tí ènìyàn mẹ́fà tàbí méje bá ti ń sùn nínú yàrá kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ara wọn yóò yá lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà yóò sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn kan, pàápàá àwọn tí wọ́n wà láàárín ọdún 5 sí 15, nígbà tí ó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ibà mìíràn yóò dé. Orúnkún yóò wú, yóò sì máa dun ọmọ. Bí ó bá rọ̀, ìrora náà yóò kọjá sí ọrùn-ẹsẹ̀ tàbí ìgúnpá. Ibà làkúrègbé nìyẹn. Agbára tí ara ọmọ fi ń bá kòkòrò jà ni ó yíjú padà tí ó ń ba ọkàn ọmọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́. Ibi tí ó ń bàjẹ́ jù ni àwọn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń ṣí tí wọ́n sì ń padé bí ìlẹ̀kùn nínú ọkàn, kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà sí ibi tí ó ti wá. Oríkèé yóò sàn, ilé yóò sì yọ̀. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn ọkàn tí ó ti bàjẹ́ kì í sàn bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi máa ń sọ pé ibà náà fi ahọ́n lá oríkèé, ó sì bu ọkàn jẹ.

Àìsàn yìí kì í ṣe ti aláwọ̀ dúdú. Ní nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn, ó ń pa ọmọ ilé-ìwé ní London àti ní New York. Ohun tí ó lé e kúrò níbẹ̀ kì í ṣe oògùn nìkan. Nígbà tí ilé gbígbé dára sí i, tí ènìyàn tí ń sùn nínú yàrá kan dín kù, ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Nígbà tí pẹnisílìnì sì dé, ó parí iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá rí i ní Boribana tàbí ní Mushin lónìí, kí ó mọ̀ pé àìsàn ilé híhá ni ó ń wò.

Àwọn baba wa kò ní ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ọkàn. Nígbà tí wọ́n bá bí ọmọ tí kò sanra, tí ètè rẹ̀ ń di aró, tí ó sì kú kí ó tó rìn, tí èyí tí ó tẹ̀lé e sì tún lọ, wọ́n pè é ní àbíkú. Wọ́n sọ ọ́ ní Málọmọ́, wọ́n sọ ọ́ ní Dúrójayé. A kò ní fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, nítorí orúkọ wọ̀nyẹn, ẹ̀bẹ̀ ni, ìfẹ́ ọmọ sì ni ó bí wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò mọ̀ nígbà náà, a ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ọmọ aláìsàn ọkàn kò bá ẹgbẹ́ kankan mulẹ̀ ní ọ̀run. Ẹni tí ó bá fi abẹ sín gbẹ́rẹ́ sí i láyà ń ṣí ọ̀nà fún kòkòrò láti wọ inú ẹ̀jẹ̀, kòkòrò tí ó bá sì wọ inú ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè dúró sára ọkàn rẹ̀ kí ó sì pa á. Ẹni tí ó bá ní kí ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, tí ó sì ní kí wọ́n dá oògùn dúró, kò ṣe é lóore. Kí a gbàdúrà, àdúrà dára. Ṣùgbọ́n kí a má fi àdúrà dí ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ẹ wo ohun tí ìmọ̀ ti ṣe. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1944, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, oníṣẹ́ abẹ Alfred Blalock la àyà ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún méjì, tí ara rẹ̀ ń di aró nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò lọ sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ tó. Helen Taussig, dókítà obìnrin tí ń tọ́jú ọkàn ọmọdé, ni ó mú àbá ọ̀nà náà wá. Vivien Thomas, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí kò ní àǹfààní láti kàwé dé ipò dókítà, ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán iṣẹ́ náà wò títí ó fi mọ̀ ọ́n. Òun ni ó sì dúró lẹ́yìn Blalock lọ́jọ́ náà tí ó ń tọ́ ọ sọ́nà. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kejì ọdún 1974, ọ̀jọ̀gbọ́n Fabian Udekwu àti Magdi Yacoub, ọmọ Íjíbítì tí ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ti ṣí ọkàn ènìyàn ní Enugu, níbi tí a kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí ní Nàìjíríà. Ní Abidjan pẹ̀lú, Institut de Cardiologie wà ní Treichville. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ fún wa pé kò sí ohun tí a lè ṣe.

Síbẹ̀, ibi tí a fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa fara balẹ̀ sí nìyí. Nígbà tí a bá gbọ́ àìsàn ọkàn, ọkàn wa a máa sáré lọ sí iṣẹ́ abẹ. A ó máa ronú mílíọ̀nù owó, a ó máa ronú ọkọ̀ òfuurufú àti ilẹ̀ òkèèrè. Wọn a gbé àwòrán ọmọ jáde, wọn a dáwó, inú gbogbo ènìyàn a sì dùn bí ọmọ bá dé. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti iṣẹ́ abẹ dé kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìtọ́jú. Bí wọ́n bá fi ìlẹ̀kùn onírin sí ọkàn rẹ̀, ojoojúmọ́ ayé rẹ̀ ni yóò máa lo oògùn tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́ ọn lára. Ìgbà dé ìgbà ni a ó sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, nítorí bí oògùn bá kéré, ẹ̀jẹ̀ yóò dì. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ yóò máa dà. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni iṣẹ́ abẹ; iṣẹ́ ọdún gbọọrọ ni ìtọ́jú ọmọ.

Fún ọmọ tí ibà làkúrègbé ti kàn lọ́kàn, iṣẹ́ náà ní iye. Abẹ́rẹ́ pẹnisílìnì kan ni, èyí tí ń pẹ́ lára, tí a ń gún ní ìdí tàbí ní itan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́rin, ní ibòmíràn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́ta. Kì í tún ìlẹ̀kùn tí ó bàjẹ́ ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má jẹ́ kí egbò ọ̀fun mìíràn tún dé, nítorí gbogbo ìgbà tí ibà náà bá padà ni ó ń bu sí ìbàjẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ 13 ni yóò jẹ́ lọ́dún kan. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 9, tí dókítà sì ní kí ó gbà á títí yóò fi pé ọdún 21, abẹ́rẹ́ 156 nìyẹn. Abẹ́rẹ́ náà dun ara púpọ̀. Ọmọ yóò sunkún, yóò sá pamọ́ sí ilé aládùúgbò. Nígbà tí ó bá sì di ọ̀dọ́, yóò sọ pé ara òun ti yá, òun kò lọ mọ́. Ìlérí tí a gbọ́dọ̀ mú ṣẹ nígbà 156 ni, kò sì sí ẹni tí yóò pàtẹ́wọ́ fún wa nígbà kankan nínú rẹ̀.

Ǹjẹ́ ó ṣiṣẹ́? Ó ṣiṣẹ́. Ní Uganda, àwọn oníṣègùn fi ẹ̀rọ wo ọkàn àwọn ọmọdé, wọ́n sì mú 818 tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fara hàn lára wọn, tí àwọn ọmọ fúnra wọn kò tíì mọ ohunkóhun lára. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Lẹ́yìn ọdún méjì, nínú àwọn tí ń gba abẹ́rẹ́, àwọn mẹ́ta péré ni àìsàn wọn le sí i. Nínú àwọn tí kò gbà á, 33 ni. Àbájáde yìí jáde ní ọdún 2021. Ní ẹkùn Pinar del Río ní Kúbà, láàárín ọdún 1986 sí 1996, ìjọba kọ orúkọ àwọn ọmọ tí ó ní àìsàn náà sílẹ̀, wọ́n kọ́ àwọn òbí àti olùkọ́, wọ́n sì ń tẹ̀lé abẹ́rẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ibà náà sì dín kù gidigidi. Kúbà kì í ṣe ilẹ̀ olówó. Ìwé orúkọ, nọ́ọ̀sì àti ìfaradà ni wọ́n lò.

Ta ni ó ń ru ẹrù ìfaradà yìí ní ilé wa? Ìyá ni. Òun ni ó ń jí ní òru láti gbọ́ bóyá ọmọ ń mí. Òun ni ó ń ti ìsọ̀ rẹ̀ pa ní ọjọ́ abẹ́rẹ́, tí ó ń wọ ọkọ̀, tí ó ń tò sórí ìlà láti àárọ̀. Bí ọmọ bá dákú ní ilé-ìwé, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dé àárín ẹbí, òun náà ni wọ́n ń bi léèrè pé kí ni ó jẹ nígbà oyún, tàbí pé irú ìran wo ni ó ti wá. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ ní gbangba: ọmọ tí ó dára ni ti baba, èyí tí kò dára ni ti ìyá. A kọ ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí àìsàn ọkàn mọ́, ẹnikẹ́ni kò rí ẹ̀ṣẹ̀ ìyá, wọn kò sì rí ti baba. Baba tí ó bá sá kúrò nílé nítorí ọmọ kò pé, òun gan-an ni ó yẹ kí a bi léèrè ọ̀rọ̀.

Ohun tí a ń fẹ́ lọ́wọ́ baba kò ju agbára rẹ̀ lọ. Kí ó mọ orúkọ àìsàn ọmọ rẹ̀ àti orúkọ oògùn rẹ̀. Kí òun náà gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá jẹ́ 13 lọ́dún, kí ó mú 6. Kí ó jókòó níwájú dókítà kí ó sì béèrè ohun tí kò yé e, nítorí ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí àwọn òbí méjèèjì sì fi ẹnu kò lórí bí wọn yóò ti tọ́ ọmọ náà, kí ọ̀kan má máa tú ohun tí èkejì dì.

Nítorí ìtọ́jú kì í ṣe oògùn nìkan. Ẹnu ọmọ ṣe pàtàkì: kí ó máa fọ eyín rẹ̀ ní àárọ̀ àti ní alẹ́, ìbáà ṣe pákò ìbáà ṣe búrọ́ọ̀ṣì, nítorí kòkòrò eyín tí ó kẹ̀ lè gba ojú ẹ̀jẹ̀ dé ọkàn. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń wú, tí dókítà sì ní kí iyọ̀ dín kù, kí a rántí pé magí inú ọbẹ̀ iyọ̀ ni, ẹja gbígbẹ oníyọ̀ sì ni pẹ̀lú. Kí a fún un ní gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kí ó sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn.

Lẹ́yìn èyí, kí a jẹ́ kí ó jẹ́ ọmọ. Àwọn òbí mìíràn, nítorí ìbẹ̀rù, kì í jẹ́ kí ọmọ jáde. Kì í fọ abọ́, kì í jíṣẹ́, a kì í bá a wí. Àkẹ́jù ní ń ba ọmọ jẹ́, àìsàn kò sì yọ òfin náà kúrò. Kí a béèrè lọ́wọ́ dókítà irú eré tí ó lè ṣe, kí a sì jẹ́ kí ó ṣe é. Kí a sọ òtítọ́ fún un bí ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó, nítorí ọmọ tí ó bá mọ ìdí tí a fi ń gún un kì yóò rò pé ìyà ni a fi ń jẹ òun. Kí a má sì gbàgbé àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, tí àwọn náà ń rí i pé gbogbo ojú ilé kọ sí ọ̀nà kan.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ tí ó dúró nígbà tí àwọn yòókù ń sáré lè má ṣe ọ̀lẹ. Ẹ wádìí kí ẹ tó mú pàṣán. Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ má fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ru sìmẹ́ńtì. Iṣẹ́ aránṣọ wà, títún aago àti rédíò ṣe wà, ìwé ṣíṣírò wà. Ní ti ọmọbìnrin, kí ẹbí mọ̀ pé oyún ń fi ẹrù ńlá kún ẹrù ọkàn, àti pé àwọn oògùn kan tí ń dènà dídì ẹ̀jẹ̀ lè ba ọmọ inú jẹ́. Kí ó rí dókítà ọkàn kí ó tó lóyún. Ẹ̀tọ́ ọkọ àfẹ́sọ́nà sì ni láti mọ̀. Ẹni tí ó bá sá nítorí òtítọ́, ó sàn kí ó sá kí a tó dá ọjọ́ ìyàwó.

Ewu kan tún wà tí a kì í sábà ronú sí, èyí ni ṣíṣí kiri. Nígbà tí ìjọba Côte d'Ivoire ń kọ́ afárá kẹrin láti so Yopougon pọ̀ mọ́ Plateau, ọ̀nà rẹ̀ gba Boribana, wọ́n sì wó ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀. Afárá dára, a kò bá ìlọsíwájú jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ka ilé tí a ó wó, tí a sì ṣírò owó gbà-má-bínú, ta ni ó ń ka ọmọ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kù ní ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀? Ẹbí tí a bá ṣí nípò pàdánù nọ́ọ̀sì tí ó mọ ọmọ wọn, wọ́n pàdánù ìwé tí orúkọ rẹ̀ wà, wọ́n sì lè jìnnà sí ilé ìwòsàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A rọ gbogbo ìjọba, ìbáà ṣe ti Abidjan ìbáà ṣe ti Èkó níbi tí a ti ń wó ilé létí ọ̀sà bákan náà, pé kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ kún àkọsílẹ̀ ilé, kí a sì fà wọ́n lé ilé ìwòsàn tuntun lọ́wọ́ kí katakata tó dé.

Ohun kan náà ni ìrìn àjò láti Abidjan sí Ẹjigbò. Òbí a máa mú ọmọ wá sílé fún ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì, a sì máa fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà fún ọdún kan tàbí méjì. Ìyá àgbà kò mọ̀ nípa abẹ́rẹ́. Ara ọmọ le. Oṣù mẹ́fà kọjá. Kí ìwé ìtọ́jú ọmọ máa bá a rìn bí aṣọ rẹ̀. Kí a kọ orúkọ oògùn náà gan-an sí i, benzathine benzylpenicillin, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ kan fún un, nítorí nọ́ọ̀sì tí ń sọ Faransé àti nọ́ọ̀sì tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì yóò mọ̀ ọ́n bákan náà. Kí a sì kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ tí ó kẹ́yìn síbẹ̀.

A wá kan ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú wa ní òkèèrè. A mọ̀ wọ́n sí ẹni tí ń ran ara wọn lọ́wọ́. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, owó á jáde. Wọn á gbé òkú sọdá ibodè mẹ́rin, wọn á ra aṣọ ẹbí, wọn á pa màlúù. Àwọn àgbà wa ni wọ́n sọ pé òkú kò mọ iye tí a ra agọ̀. A bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n ya ìdá kan sọ́tọ̀ nínú owó yìí fún alààyè. Kí ẹgbẹ́ kọ orúkọ àwọn ọmọ aláìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ sílẹ̀. Kí ó sanwó ọkọ̀ ìyá tí kò ní. Kí ó yan ẹnì kan tí yóò máa bẹ ilé wò ní ọ̀sẹ̀ abẹ́rẹ́, tí yóò sì dúró ní ìsọ̀ bí ìyá bá lọ.

Ohun mìíràn tún wà tí ẹgbẹ́ lè ṣe. Ní 2014 ni Côte d'Ivoire ṣe òfin ètò adójútòfò ìlera fún gbogbo ẹni tí ń gbé ní orílẹ̀-èdè náà, àwọn aráàlú àti àjèjì. Ní oṣù Kẹwàá 2019 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ìtọ́jú. Owó tí a fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 1,000 fráǹkì CFA fún ẹnì kan lóṣù, ètò náà sì ń san 70 nínú 100 owó ìtọ́jú tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àjèjì a máa bẹ̀rù ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìwé. Kí ẹgbẹ́ mú wọn lọ. Ní Nàìjíríà pẹ̀lú, òfin ọdún 2022 sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn; ó kù kí a rí i kí ó dé ọ̀dọ̀ ìyá tí ń ta tòmátì ní Òjé.

Àwọn kan yóò ní ibà ẹ̀fọn ń pa ọmọ ju àìsàn ọkàn lọ, pé kí ìjọba kọ́kọ́ dojú kọ ìyẹn. A gbà pé ibà ń pa púpọ̀. Ṣùgbọ́n a kì í tìtorí pé ilé ń jó kí a má di orù omi tí ń jò. Pẹnisílìnì kì í ṣe oògùn tuntun tí owó rẹ̀ wọ́n. Ọdún 1928 ni Alexander Fleming ti rí i, èyí tí ń pẹ́ lára sì ti wà láti àwọn ọdún 1950. Nọ́ọ̀sì tí ń gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lè gún èyí náà lẹ́yìn tí a bá ti kọ́ ọ bí a ti ń ṣọ́ ọmọ tí ara rẹ̀ bá kọ oògùn. Owó ìlẹ̀kùn ọkàn kan yóò ra abẹ́rẹ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ní Geneva, gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí ìpinnu kan lórí àìsàn ọkàn tí ibà làkúrègbé ń fà. Nàìjíríà wà níbẹ̀, Côte d'Ivoire sì wà níbẹ̀. Ìpinnu tí a fi ọwọ́ sí ní Geneva kò wúlò bí oògùn bá tán ní ilé ìwòsàn àdúgbò ní ọ̀sẹ̀ kẹrin.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Kí ìjọba rí i pé abẹ́rẹ́ náà wà, àti ìwé orúkọ tí a fi ń tẹ̀lé e, ní gbogbo ilé ìwòsàn kékeré tí ó súnmọ́ àdúgbò híhá, kí ìyá má baà máa la ìlú já nítorí oògùn tí owó rẹ̀ kò tó owó ọkọ̀. Kí ẹgbẹ́ fi owó alààyè ṣáájú owó òkú. Kí baba gba ìpín tirẹ̀ nínú abẹ́rẹ́ 13 náà. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kò le kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó lè kàwé, ó lè ṣiṣẹ́, ó lè sin òbí rẹ̀ bí àwọn yòókù ti ń sin tiwọn. Àwọn àgbà ní ọwọ́ kan kì í gbé igbá dé orí. Ọwọ́ ìyá nìkan ni ó ti wà lábẹ́ igbá yìí láti ọjọ́ yìí wá. Ó tó àkókò kí ọwọ́ kejì dé.